Lẹ́tà Ṣíṣí sí Mínísítà Ìrìnnà: Ẹ Kọ Ìtàn Àwọn Pápákọ̀ Òfurufú Wa Sílẹ̀ Kí Ẹ Tó Tún Bèèrè Ilẹ̀

Sí Ọlọ́lá, Mínísítà tí ọ̀rọ̀ àyíká àti ìrìnnà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní Kútọnu;
nípasẹ̀ Mẹ́à wa àti ìgbìmọ̀ kọ́múùnù Adja-Ouèrè.

Ọlọ́lá,

  Mo ń kọ̀wé láti Adja-Ouèrè, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan àwọn ará Ìpinlẹ̀, Massè, Kpoulou, Oko-Akaré àti Tatonnonkon pẹ̀lú.

Mo mọ̀ pé ìwé pọ̀ lórí tábìlì yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń wá kíákíá. N kò kọ̀wé láti tọrọ pápákọ̀ òfurufú. Ohun tí mo ń tọrọ ni pé kí ìjọba kọ ìtàn gbogbo pápákọ̀ òfurufú ilẹ̀ Benin sílẹ̀: èyí tó ń ṣiṣẹ́, èyí tí koríko ti bò, àti èyí tí wọ́n ṣèlérí rẹ̀ tí kò wáyé. Ẹ sọ fún wa ẹni tó ni ilẹ̀ kí bàálù tó dé, ohun tí wọ́n ṣèlérí fún un, àti ohun tó rí gbà. Kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní èdè tí àgbẹ̀ lè gbọ́. Kí ẹ sì ṣe é kí ẹnikẹ́ni tó tún gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ wọ oko wa.

Ìdí tí mo fi dárúkọ ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ rèé. Ní apá ibí, bí àwọn awọnlẹ̀ bá ti gbé ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn kalẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ á ti dé ọjà. Ẹnì kan á ní títì ọlọ́dà ni. Ẹlòmíràn á ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì bíi ti Onigbolo ni. Kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé pápákọ̀ òfurufú ni, pé ènìyàn òun kan ní Kútọnu ti rí àwòrán rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, nǹkan á yí padà. Àwọn kan á sáré ta ilẹ̀ bàbá wọn fún àlejò kí ìjọba má baà gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn á dáwọ́ ọ̀pẹ gbígbìn dúró, torí pé ọ̀pẹ kì í ṣe ẹ̀gẹ́. Ọ̀pẹ tí a bá gbìn lónìí yóò lo ọdún 3 tàbí 4 kí a tó fi ojú kan ẹyìn rẹ̀, a ó sì máa kọ ọ́ fún ọdún 25 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò gbin irú igi bẹ́ẹ̀ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ní ó máa di pápá bàálù? Ìròyìn lásán, tí kò sí ìwé kankan lẹ́yìn rẹ̀, lè gba ọdún mẹ́wàá lọ́wọ́ ìdílé kan bẹ́ẹ̀.

Ohun tó mú kí ìròyìn bẹ́ẹ̀ lágbára ni pé a kò ní ìtàn tí a lè fi dán an wò. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Glo-Djigbé àti ní Tourou, níbi méjèèjì tí wọ́n ti ṣèlérí pápákọ̀ òfurufú, yóò mọ ìbéèrè tó yẹ kó bi awọnlẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù nìkan ni yóò máa bà á, tàbí kí ìrètí òfo máa gbé e kiri.

Ọlọ́lá, agbègbè Plateau tí a wà yìí kì í ṣe ibi tí ìjọba kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ̀ rí. Ní ọdún 1913, ojú irin láti Àjàṣẹ́ dé Pobè. Epo pupa àti èkùrọ́ wa ni wọ́n ń wá, inú ọkọ̀ ojú irin náà ni wọ́n sì ti ń kó o lọ sí etíkun. Ní 1914 àti 1915, àwọn ará Ọ̀họ̀rí, àwọn ènìyàn wa nínú ilẹ̀ Kùmì, kọ̀ fún àwọn Faransé nítorí owó orí àti ọmọ tí wọ́n ń gbà sójà. A ṣì ń dárúkọ Òtútù-bí-òjò, ọkùnrin tó síwájú wọn, títí dòní. Ní 1922, wọ́n dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Ibùdó yẹn ṣì wà. Irúgbìn ọ̀pẹ tí wọ́n ń mú jáde níbẹ̀ ń dé ilẹ̀ òkèèrè, orúkọ Pobè sì wà lẹ́nu àwọn ọlọ́pẹ tí kò mọ ibi tí ìlú náà wà.

Ẹ wo bí ìtàn àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe wà lọ́wọ́ wa. Ti ibùdó ìwádìí wà nínú ìwé, torí pé àwọn onímọ̀ ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ti Ọ̀họ̀rí wà lẹ́nu àwọn àgbà, ó sì tún wà nínú ìwé àwọn aláṣẹ Faransé. Ṣùgbọ́n ti ojú irin, ti àwọn tó fi ọwọ́ lásán la ọ̀nà rẹ̀ kọjá, ti àwọn tí ó gba oko wọn, ń kú lọ pẹ̀lú àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá wọn. Ọkọ̀ ojú irin kò dé Pobè mọ́. Ọmọ ilé ìwé tó bá rí irin tó ti dípẹtà nínú koríko kò mọ ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Bí ohun tó kọjá láàárín oko wa gan-an bá lè parẹ́ báyìí, kí ni a ó sọ nípa pápákọ̀ òfurufú tó wà lọ́nà jíjìn?

Pápákọ̀ òfurufú tí àwa ará oko mọ̀ jù ni ti Kútọnu, Kadjèhoun, tí wọ́n fi orúkọ Kádínà Bernardin Gantin sọ lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2008. A kì í sábà wọ inú rẹ̀. Ìta ni a máa ń dúró sí. Bí alálájì kan bá ń lọ sí Mẹ́kà láti Ìpinlẹ̀, ọkọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni ẹbí máa ń kún láti sìn ín, pẹ̀lú ìyá arúgbó tí kò fẹ́ gbẹ́yìn àti ọmọ ọwọ́ tí wọ́n fẹ́ kí ó rí bàálù. Bí ọmọ wa bá ń lọ sí Gábọ́ọ̀nù tàbí sí Faransé, ibẹ̀ náà ni a ti ń wo ẹ̀yìn rẹ̀. Níbẹ̀ náà la ti ń gba pósí ẹni tó bá kú sí òkè òkun. Ohun tí ìgbéyàwó àti ìsìnkú ní lára wa ni pápákọ̀ yẹn ní. Síbẹ̀, béèrè lọ́wọ́ mẹ́wàá nínú wa ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn, àwọn tó lè dáhùn kò ní pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú méjì níbẹ̀, torí pé ẹ̀kọ́ inú wọn kò tíì tán.

Àkọ́kọ́ ni ti ọjọ́ Àìkú, 16 oṣù kìíní, ọdún 1977. Ní òwúrọ̀ kùtù, bàálù DC-7 kan balẹ̀ sí Kadjèhoun láìgbàṣẹ. Àwọn jagunjagun tí wọ́n fi owó háyà ló bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀, bíi 90, Bob Denard ará Faransé ni olórí wọn. Ìjọba Ọ̀gágun Mathieu Kérékou ni wọ́n wá dojú rẹ̀ bolẹ̀. Wọ́n gba pápákọ̀, wọ́n wọ ìgboro, wọ́n yìnbọn, ṣùgbọ́n àwọn sójà wa dúró, àwọn sójà Kòríà Àríwá tó wà nílùú sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, àwọn oníjàgídíjàgan náà sá padà sínú bàálù wọn pẹ̀lú ìkánjú tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fi ìwé wọn àti ọ̀kan nínú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán àwọn olùwádìí wá, ìgbìmọ̀ ààbò rẹ̀ sì bu ẹnu àtẹ́ lu ìkọlù náà ní oṣù kẹrin ọdún náà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣe Gbàgede Àwọn Ajẹ́rìíkú sí Kútọnu. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí níbẹ̀ ni pé ibi tí bàálù lè balẹ̀ sí jẹ́ ẹnu ọ̀nà orílẹ̀-èdè. Ẹni tí wọ́n bá ní kó fi ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un ń fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ààbò, fún ọ̀rọ̀ sójà, fún odi àti wáyà ẹlẹ́gùn-ún, kì í ṣe fún òwò àti ìgbafẹ́ nìkan. Ó yẹ kí wọ́n sọ èyí fún un kí ó tó fi àtẹ̀ka rẹ̀ sí ìwé.

Èkejì dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2003, bàálù Boeing 727 ti ilé iṣẹ́ UTA ará Gínì gbéra ní Kadjèhoun, ó ń lọ sí Bèírúùtù. Àwọn ará Lẹ́bánónì tó ń lọ sílé fún ọdún ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn sójà Bangladesh tó ti parí iṣẹ́ àlàáfíà ní ilẹ̀ Áfíríkà wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹrù rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn tó ń wà á kò mọ bí ó ti wúwo tó, wọn kò sì mọ̀ pé apá iwájú ni ìwúwo náà pọ̀ sí. Bàálù náà sáré títí, ó kọ̀ láti gbé imú rẹ̀ sókè bó ti yẹ. Òpópó rẹ̀ tán, ó kọlu ilé kékeré kan tó wà ní ìpẹ̀kun, ó sì já sí etí òkun. Ènìyàn 141 ló kú.

Àwọn olùwádìí Faransé tó ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kò fi òpópó bàálù ṣe olórí ẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ní kíkúrú rẹ̀ lè wà lára ohun tó dá kún un.  Ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní pàtàkì ni pé ilé iṣẹ́ tó ni bàálù kò ní ètò tó múná dóko, pé àwọn tó yẹ kó máa ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà kò ṣọ́ ọ tó, àti pé kò sí ẹni tó ka ẹrù àti èrò bó ti yẹ kí wọ́n kà á. Ọlọ́lá, bí àwọn ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfurufú ní Plateau, ọ̀dà àti kọnkéré ni wọ́n ń sọ. Wọ́n rò pé bí òpópó bá ti gùn, tó sì tẹ́jú, pápákọ̀ ti dé. Òpópó Kadjèhoun gùn tó 2,400 mítà ní ọjọ́ yẹn. Ohun tí kò sí ni ẹni tó wọn ẹrù. Ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé ìwé ní Benin ka ìwé àwọn olùwádìí yẹn ní èdè rẹ̀. Ẹ̀kọ́ ẹrù àpọ̀jù náà kàn wá: ní àdúgbò wa, a rí ọkọ̀ takisí tó ń kó èrò mẹ́sàn-án sórí ìjókòó márùn-ún lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni kì í sì sọ̀rọ̀.

Mo fi Kútọnu sílẹ̀ báyìí.

Àwọn pápá bàálù kéékèèké wà káàkiri orílẹ̀-èdè yìí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé wọ́n wà. Ó wà ní Cana lẹ́bàá Bohicon. Ó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú àwọn ìbátan wa. Ó wà ní Djougou, ní Bembèrèkè, ní Kandi, ní Natitingou, ní Porga lẹ́bàá igbó ẹranko Pendjari. Ní ayé ìjọba Ìyípadà ti Kérékou, ilé iṣẹ́ bàálù kan wà tí wọ́n ń pè ní Transports Aériens du Bénin, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gbé èrò láàárín ìlú sí ìlú nínú orílẹ̀-èdè. Air Afrique sì wà lókè rẹ̀ fún ìrìn àjò òkèèrè, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè 11, Dahomey (bí ilẹ̀ wa ṣe ń jẹ́ nígbà náà) pẹ̀lú wọn, fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Yaoundé ní oṣù kẹta ọdún 1961. Air Afrique wó ní 2002. Ti abẹ́lé ti kú ṣáájú rẹ̀. Àwọn pápá náà ṣì wà níbẹ̀, àwọn kan ń rí bàálù kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ń rí màlúù.

Mo fẹ́ràn láti ronú nípa Ṣábẹ̀ẹ́ nínú gbogbo wọn, bóyá torí pé èdè kan náà la ń sọ. Ìlú yẹn mọ bí iṣẹ́ ńlá ìjọba ṣe ń rí. Ilé iṣẹ́ ṣúgà tí Benin àti Nàìjíríà jọ dá sílẹ̀ wà níbẹ̀, bí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Onigbolo tí àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì jọ dá sílẹ̀ ṣe wà nítòsí wa níbí. Ẹni tó bá ti di ẹni ọgọ́rin ọdún ní Ṣábẹ̀ẹ́ lónìí lè sọ bí wọ́n ṣe ń gé koríko kí bàálù tó balẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè láti gé e, iye tí wọ́n ń san, àti bóyá wọ́n san án rárá. Bí ẹnikẹ́ni kò bá gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ọdún mélòó kan tó kọjá, a ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìwé ilé iṣẹ́ kankan tó lè dá a padà.

Ẹ tún wo Tourou, lẹ́bàá Parakú. Wọ́n fẹ́ ṣe pápákọ̀ òfurufú ńlá níbẹ̀ fún gbogbo àríwá. Wọ́n ti tẹ́ òpópó, wọ́n ti ná owó, àwọn olóṣèlú ti sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní ìdìbò lẹ́yìn ìdìbò. Fún ọdún púpọ̀ kò sí bàálù èrò tó ń balẹ̀ síbẹ̀ déédéé. N kò ní kí ẹnikẹ́ni ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa o. Parakú jìnnà sí Kútọnu, ọ̀nà rẹ̀ sì ti pa ọ̀pọ̀lọpọ̀. Àwọn ará ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ sí pápákọ̀ ju wa lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìtàn bí ó ṣe dúró lójú kan bẹ́ẹ̀ jẹ́ ogún gbogbo wa, ó sì yẹ kí a lè kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, pẹ̀lú iye owó rẹ̀.

Glo-Djigbé ni mo fẹ́ gùn lé jù, torí pé òun ló jọ ti wa jù: ilẹ̀ oko, ilẹ̀ ọ̀pẹ, ilẹ̀ àwọn ẹbí, tí kò jìnnà sí Kútọnu.

Láti bíi ìgbà ìjọba Ìyípadà ni wọ́n ti ń sọ pé ibẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú tuntun máa wà. Ìdí rẹ̀ yé ènìyàn. Kadjèhoun wà ní àárín ìgboro. Ilé ti yí i ká, òkun wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀, kò sí ibi tí ó lè nà sí. Ó bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn wá ibi gbalasa. Nítorí náà wọ́n fi Glo-Djigbé sọ́kàn, ọ̀rọ̀ náà sì ń lọ láti ọwọ́ ààrẹ kan sí òmíràn: Kérékou, Soglo, Kérékou lẹ́ẹ̀kejì, Boni Yayi, Talon. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí jẹ́ fún ẹbí tí ilẹ̀ rẹ̀ wà nínú àwòrán náà. Bàbá gbọ́ ọ, kò gbin ọ̀pẹ. Ọmọ gbọ́ ọ, kò fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé. Ọmọ-ọmọ dàgbà, ó ń gbọ́ ọ, kò sì tíì rí bàálù kan.

Ní ọdún 2020, ìjọba dá àgbègbè ilé iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ní Glo-Djigbé, ó gba 1,640 hẹ́kítà, ilé iṣẹ́ ARISE sì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìjọba. Òwú, kajú àti sóyà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé tútù la ó máa kó wọn lọ sí òkè òkun. Mo gbà pé ìlú nílò irú rẹ̀. Àwọn ọmọ wa láti Plateau ti lọ wáṣẹ́ níbẹ̀, ó sì dára. Àmọ́ ìjọba ti yí ọkàn rẹ̀ padà lórí pápákọ̀ tuntun nígbà náà, ó ní òun máa tún ti Kadjèhoun ṣe. Ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún retí kọ́ ló dé sórí ilẹ̀ náà. Ìpinnu lè yí padà, a kò bá ìjọba jà nítorí ìyẹn. Ibo ni ìwé tó ṣàlàyé ìyípadà náà fún ẹni tí kò gbọ́ Faransé wà? Ta ló ka gbogbo ọdún tí àwọn ènìyàn yẹn fi dúró mọ́ owó gbà-má-bínú wọn?

Òfin wa kò rúni lójú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 11 oṣù kejìlá 1990, ní abala 22 rẹ̀, ní a kò gbọ́dọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni àyàfi fún ire gbogbo ìlú, kí owó gbà-má-bínú tó tọ́ sì ti dé ọwọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó gbà á. Ṣáájú ni òfin wí, kì í ṣe lẹ́yìn. Òfin ilẹ̀ ti 2013 náà dúró lórí rẹ̀. Ohun tó kù ni àkókò ìdúró: àwọn ọdún tí wọn kò tíì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, tí ìwọ náà kò sì lè lò ó bí o ti fẹ́. Níbẹ̀ ni ìyà àgbẹ̀ wà, ibẹ̀ sì ni ìtàn Glo-Djigbé ti lè kọ́ àwọn aṣòfin wa lẹ́kọ̀ọ́, bí ó bá wà nínú ìwé.

Àwa nìkan kọ́ ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Ẹ kọjá ààlà sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa ní Nàìjíríà. Ní Ido-Osun, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti la pápá bàálù sílẹ̀ láti 1936. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní òun yóò sọ ọ́ di pápákọ̀ òfurufú ńlá, wọ́n fi orúkọ Moshood Abiola sọ ọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ dúró. Nígbà tí ìjọba Ademola Adeleke wá kéde pé Ẹdẹ ni òun fẹ́ gbé e lọ, àwọn ará Ido-Osun jáde fẹ̀hónú hàn. Wọ́n ní ilẹ̀ àwọn ti lọ, ilé àwọn kan ti wó, kí ló wá kù fún àwọn? Ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí a jọ pààlà, pápákọ̀ òfurufú àárín Ìperu àti Ìlíṣàn ti wà lẹ́nu láti ìgbà ìjọba Gbenga Daniel. Ó di ìgbà ìjọba Dapo Abiodun kí bàálù tó balẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹrù oko ni wọ́n fi polongo rẹ̀, pé ohun ọ̀gbìn yóò máa gba ibẹ̀ lọ sí òkè òkun. Mo bẹ yín kí ẹ rán ènìyàn lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn alágbàdo àti àwọn onígàárì agbègbè Rẹ́mọ bóyá apẹ̀rẹ̀ kan nínú ohun oko wọn ti wọ bàálù. Ìdáhùn wọn, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò wúlò fún wa ju àwòrán aláràbarà lọ, torí pé ohun kan náà ni wọ́n máa wá fi polongo fún àwa náà.

Ẹrù tó ń wọ bàálù ni ẹrù tó fúyẹ́, tó níye lórí, tó sì ń bàjẹ́ kíá. Ọ̀pẹ òyìnbó Allada, èyí tí wọ́n ń pè ní pain de sucre, lè ru owó ọkọ̀ bàálù, torí pé àwọn ará Yúróòpù ń san owó gidi fún un. Irúgbìn ọ̀pẹ tó ti hù láti Pobè lè rù ú. Kẹ́ẹ̀gì epo pupa, àpò àgbàdo àti àpò gàárì kò lè rù ú. Títì àti ọkọ̀ akẹ́rù ni tiwọn. Ọmọ oko ni mí, mo mọ ohun tó ń jáde nínú ilẹ̀ Adja-Ouèrè. Ẹni tó bá sọ fún ìyá ẹlẹ́po ní Massè pé pápákọ̀ òfurufú yóò mú epo rẹ̀ dé Páríìsì ń tan án jẹ.

Ilẹ̀ tí pápákọ̀ ń jẹ sì pọ̀ ju òpópó lọ. Ẹ̀gbẹ́ òpópó gbọ́dọ̀ ṣófo. Ní iwájú àti ní ẹ̀yìn, fún ọ̀pọ̀ kìlómítà, ilé kò gbọdọ̀ ga ju bó ti yẹ lọ, igi kò gbọdọ̀ ga. Níbi tí a wà yìí, igi tó ga ni ìrókò tí àwọn bàbá wa fi ṣe àmì ààlà, àti ọ̀pẹ àgbà tí a ń dá ẹmu lára rẹ̀. Ní apá Kùmì ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ dúdú ni. Lójò ó wú, ó lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ dé orúnkún. Lẹ́ẹ̀rùn ó sán, ọwọ́ ènìyàn lè wọ inú ìlà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó ti wa ọkọ̀ láti Pobè lọ sí Kétu kí wọ́n tó ṣe títì náà mọ̀ ọ́n dáadáa. Kọnkéré tí wọ́n bá tẹ́ sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìná owó gọbọi sí abẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé ilẹ̀ náà, yóò wú, yóò sì sán. Awọnlẹ̀ tó bá jókòó ti àgbà Ọ̀họ̀rí fún wákàtí kan yóò ti gbọ́ èyí láìsan kọ́bọ̀.

Ohun tí mo ń fẹ́ kí ẹ ṣe kò le. Àwọn iléeṣẹ́ tó mọ ọ̀rọ̀ yìí wà lábẹ́ yín tàbí ní ẹ̀gbẹ́ yín. ASECNA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàlì ní 12 oṣù kejìlá 1959, ti bójú tó ojú òfurufú wa láti ìgbà òmìnira. Ìwé wà lọ́wọ́ wọn. Société des Aéroports du Bénin ló ń ṣàkóso àwọn pápákọ̀ báyìí. Àwòrán ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba wà ní Àjàṣẹ́, níbi tí ìwé àwọn aláṣẹ Faransé ti ń dúró de ẹni tó máa kà á. Àwọn olùkọ́ ìtàn wà ní yunifásítì Abomey-Calavi, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi ṣe ìwé àṣeyọrí. Ẹ fún wọn ní ìwé àṣẹ, owó ọkọ̀ àti ọdún kan. Kí wọ́n lọ láti pápá kan sí èkejì. Kí wọ́n gba ohùn àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, àwọn tó fi ilẹ̀ sílẹ̀, àwọn tó ń wo bàálù láti ojú fèrèsé ilé ìwé. Kí wọ́n bèèrè ẹni tó la àwọn pápá tó ti wà kí òfin 1946 tó fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tẹ ìwé náà jáde ní Yorùbá, ní Fọ̀n, ní Gùn, ní Bààtọ̀nú, ní Dendi, kí ẹ sì kà á lórí rédíò, torí pé rédíò ni ó ń bá wa dé oko.

Ní ti ilẹ̀ wa, ẹ̀bẹ̀ kan ló kù, Mẹ́à wa sì lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìdúró de Kútọnu. Kí ó jẹ́ òfin ní kọ́múùnù Adja-Ouèrè pé awọnlẹ̀ èyíkéyìí tí ìjọba tàbí ilé iṣẹ́ bá rán gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé gbàgede abúlé, kí ó sọ ohun tó wá wọ̀n níṣojú baálẹ̀, àwọn àgbà àti àwọn obìnrin, kí wọ́n sì kọ ohun tó sọ sínú ìwé kan tí yóò wà ní iléeṣẹ́ kọ́múùnù fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kà á. Bí ó bá ní ọ̀nà ni, kí ó wà níbẹ̀ pé ọ̀nà ni. Bí ó bá ní òun kò lè sọ, kí ìyẹn náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó rán an. Èyí tó bá kọ̀ láti sọ̀rọ̀, kí wọ́n dá a padà sójú títì.

Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ bá rán bá dé Adja-Ouèrè, yàrá ìkàwé yóò wà fún wọn, ilé tí wọ́n máa sùn sí yóò wà, oúnjẹ kò sì ní wọ́n wọn. Èmi fúnra mi yóò mú wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà tí wọ́n lè sọ ti ojú irin Pobè. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ọ̀nà Kùmì.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, tó tún ń dáko,
Adja-Ouèrè.